Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Orí Ìyá Rẹ

Ọmọbìnrin mi àtàtà, àbíkẹ́yìn tó ń ṣe bí àkọ́bí,

Mo kí ọ o, mo kí ọ títí, mo sì tún kí ọ nítorí ìyá rẹ tó jókòó tì mí, tó ní mi ò tíì kí ọ tó. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ilé tí o ń gbé kò jò mọ́, ṣé àwọn tó ń gbé lókè rẹ ti dẹ́kun àga wíwọ́ ní ìdájí? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde ní àárọ̀ á máa mú ọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ojú tí o fi ń wo nǹkan tín-tìn-tín lábẹ́ awò níbi iṣẹ́ kò ní ṣe bàìbàì, ọ̀nà rẹ kò ní dí, ọ̀gá rẹ á máa wò ọ́ bí ẹni ń wo ọmọ bíbí inú rẹ̀. Bí o bá ti ṣe àmín, jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, ìwé tí mo rà kò sì nípọn.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi tí atẹ́gùn ṣí lóṣù tó kọjá, kápẹ́ńtà ti bá mi kàn án padà, àmọ́ ó kàn án bí ẹni tí inú ń bí, ìṣó méjì yọ orí sínú ilé. Mo ti fi wọ́n kọ́ aago ògiri méjì, nítorí náà kò sẹ́ni tó pàdánù. Oníbàárà kan gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá, ó ní ó ń sáré jù, pé ojoojúmọ́ ni aago náà ń sọ fún òun pé òun ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ohun tó ṣe aago náà. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.

Lẹ́tà tí o kọ nípa àìsàn ìyá rẹ, a kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó yé wa nìyí, kí o wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. O ní nínú ọpọlọ ìyá rẹ, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn nǹkan tín-tìn-tín kan wà tí ẹ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, àti pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa po oje kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ bá ọwọ́ àti ẹsẹ̀. O ní ìdọ̀tí kan ń kó jọ sínú wọn, ohun tó yẹ kó ká dáadáa kò ká dáadáa, ó wá ń lẹ̀ mọ́ra, ó ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìyá rẹ fi ń gbọ̀n. Ọmọ mi, o rò pé nǹkan tuntun lo ń kọ́ mi. Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣí aago ni mo ti ń rí i. Òróró tó bá pẹ́ nínú aago á di gọ́ọ̀mù, àwọn eyín kéékèèké á lẹ̀, ọwọ́ aago á máa gbọ̀n lójú kan náà, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àìsàn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má ṣe gbé irinṣẹ́ mi sún mọ́ orí òun.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, àti pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, a ò kí wọn rí. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tí a kì í kí? Ẹni tó ń gbá ojú títì, a ń kí i. Ẹni tó ń kó ilẹ̀ dànù, a ń kí i. Àwọn wọ̀nyí wà nínú òkùnkùn, wọn ò rí oòrùn, wọn ò lọ ìsinmi, ìdọ̀tí sì ń mù wọ́n dé ọrùn, kò wá sẹ́ni tó ní ẹ kú iṣẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lárààárọ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbé ẹnu sún mọ́ orí ìyá rẹ, lẹ́yìn etí ọ̀tún, mo á kí wọn kú iṣẹ́, mo á kí wọn kú ìfaradà, mo á ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ agbára wọn dọ̀tun. Ìyá rẹ ní ojú ń ti òun. Ó ní bí àwọn aládùúgbò bá gbọ́, wọ́n á ní àìsàn òun ti ràn mí, pé tèmi ló tiẹ̀ wá burú jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà pé mi ò tíì kí àwọn èèyàn òun.

O tún kọ ọ́ pé ọ̀nà mìíràn ń bọ̀, pé níbi iṣẹ́ rẹ ẹ ń mú sẹ́ẹ̀lì láti ara awọ èèyàn, ẹ ń yí i padà, ẹ ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọpọlọ, pé lọ́jọ́ iwájú ẹ lè gbìn wọ́n sínú orí kí wọ́n rọ́pò àwọn tó ti kú. Bá mi bi ọ̀gá rẹ dáadáa nípa èyí. Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà? Ta ló ń kọ́ wọn? Èmi fi ọdún mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ aago, ọ̀gá mi ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan aago oníbàárà títí ọdún kẹta fi pé. Awọ tí kò mọ̀ ju kí oòrùn máa pa á lọ, tó wá bá ara rẹ̀ nínú orí lójijì, ṣé kò ní máa rí àwọn àgbà tó bá níbẹ̀ fín? Ìyá rẹ ní òun ò kọ̀ ọ́, àmọ́ kí ẹ mú wọn láti ara ẹni tó nítìjú.

Jẹ́ kí n wá dé orí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, torí mo ti ń yí i ká láti òkè. Ìwọ lo ní kí ìyá rẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí tí ilé ìwòsàn àti ibi iṣẹ́ rẹ jọ ń ṣe lórí oògùn tuntun, èyí tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti gbá ìdọ̀tí wọn jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, tí ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n láti bí ọdún méjì, forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú. A jọ lọ ni. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mọ́kànlá. Lójú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a lè kúrò nígbàkígbà tó bá wù wá, pé kò sẹ́ni tó máa bínú. Inú bí mi. A ò tíì jókòó tán, wọ́n ti ń fi ọ̀nà hàn wá. Mo sọ fún akọ̀wé pé àwa kì í ṣe irú àlejò tó ń jẹun tán kó dìde, a máa dúró títí iṣẹ́ á fi parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe èmi, ìyá rẹ ni. Wọ́n ní láti lọ mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ṣàlàyé pé oríṣi ìgò méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, oògùn gidi ni. Nínú èkejì, hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì ni, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, èwo ni ti ìyàwó mi? Ó ní òun ò mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun, tó ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà, kò mọ oògùn tó fún aláìsàn. Mo bi nọ́ọ̀sì, òun náà ní òun ò mọ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n láàárín èrò, mo fa dókítà sẹ́yìn díẹ̀, mo sọ fún un pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹrù oníbàárà máa ń dà rú mọ́ra wọn. Mo ní èmi máa ń so ìwé pélébé mọ́ aago kọ̀ọ̀kan, mo á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, mi ò sì gbé aago ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, mo lè wá bá wọn kọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ní gbowó. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó dúpẹ́ gan-an. Kò tíì pè mí títí dòní.

Wọ́n tún fún ìyá rẹ ní fóònù kan, tí kì í ṣe láti pe èèyàn. Ibi róbótó méjì ló máa ń yọ lójú rẹ̀, ìyá rẹ á máa fi ìka tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíákíá, títí fóònù á fi ní ó tó, tí á sì fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Bí a ò bá tíì ṣe é, á máa dún bí ọmọ tí ebi ń pa. Ọjọ́ mẹ́ta wà tó rẹ ìyá rẹ, tí ìka rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu rárá, àánú òun àti fóònù ṣe mí, mo bá a tẹ̀ ẹ́. O mọ bí ìka tèmi ṣe yá tó. Fóònù yìn wá, ó gbé ìràwọ̀ jáde.

Nígbà tó di bí oṣù kan ààbọ̀, ara Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó ń po ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀, ó ń gbé páànù jáde láti inú ààrò, páànù kì í mì. Ìyá rẹ ò yí padà. Tíì rẹ̀ ṣì ń dà sí i lára, òun tó ti ránṣọ fún ìdajì àdúgbò yìí, èmi ni mo ṣì ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́, tí mo bá sì bọ̀ ọ́ tán, kò lè rán nǹkan kan, á kàn dì í mú. Gbogbo wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, a ò sọ ọ́ jáde. Àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ìgò oògùn rẹ̀ wá sílé wa, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní ó dá òun lójú pé tòun ni ojúlówó. Ó ní ogún ọdún ni òun àti ìyá rẹ ti jọ ń pín nǹkan, pé nígbà tí ọkọ òun kú, ìyá rẹ ló ń wá sùn ti òun fún odindi oṣù kan, báwo ni òun ṣe máa jókòó níwájú rẹ̀ tí ọwọ́ òun á dúró jẹ́ẹ́ tí tirẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ní ká dà á pọ̀.

Ọmọ mi, èmi ni mo dà á pọ̀. Wọ́n ní tèmi ni ọwọ́ tó dúró jù nínú ilé. Mo gbé abọ́ gíláàsì tí mo máa ń kó eyín aago sí, mo fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo da ìgò méjèèjì sí i, mo rò ó pọ̀, mo wá fi ẹ̀mú kékeré mi ṣa wọ́n padà, ọ̀kan sínú ìgò ìyá rẹ, ọ̀kan sínú ìgò ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó fi hóró kan ju èkejì lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fún wọn ní tuntun ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá wá ka hóró, iye rẹ̀ máa ń pé, á ní a mọ nǹkan tọ́jú. Mo máa ń dáhùn pé iṣẹ́ mi ni.

Ọwọ́ ìyá rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mi ò ní purọ́ fún ọ, kò dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ó dúró. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá a lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń so bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù mi. Kò gbójú sókè, ó ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ. Mo fẹ́ràn ìyá rẹ, ọmọ mi. Ó lè jẹ́ pé o rò pé a kì í sọ irú rẹ̀ nílé yìí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì tún wá. Ó ka hóró, ó pé. Ó ní kí ìyá rẹ rìn lọ, kó rìn bọ̀, ó rìn. Ó ní èsì fóònù dára, pàápàá ọjọ́ mẹ́ta kan tí ìka ìyá rẹ yá bí ti ọmọ ogún ọdún. Mo ń wo ilẹ̀. Mo wá bi í pé ìgbà wo ni dókítà máa wá mọ èwo ni èwo. Ó jókòó, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi, ó ní kì í ṣe pé wọ́n ṣàṣìṣe, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ fún ara wọn ni kí ojú wọn má baà tàn wọ́n jẹ, torí pé ìrètí nìkan lè mú kí ọwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, bí hóró náà tilẹ̀ ṣófo. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń ta èyí tó ṣófo náà. Ó ní rárá. Ó ní lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á fi àwọn tó lo ojúlówó wé àwọn tó lo òfìfo. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín wọn, oògùn náà á jáde fún gbogbo èèyàn. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, wọ́n á pa á tì.

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ṣe ti yé mi. Bí wọ́n bá gbé aago méjì tí kò rìn dáadáa wá bá mi, tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òróró ni wọ́n ń fẹ́, ọ̀kan ni mo máa ń fi òróró sí, mo á fi èkejì sílẹ̀, mo á gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ta ló ń fi òróró sí méjèèjì kó tó wá máa bèèrè? Èmi tí mo fẹ́ lọ kọ́ dókítà ní ìwé síso mọ́ ìgò, èmi gan-an ni mo da ẹrù oníbàárà pọ̀. Bí oògùn yẹn bá dára, mo ti ń jẹ́ kó dà bíi pé kò dára, wọ́n á sì pa á tì, ẹnì kan tí kò mọ̀ mí, tí mi ò mọ̀, á máa gbọ̀n títí tí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kó máa rọra.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ohun tí mo ń retí ni pé kó ní ká dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn fún ọ. Mo sọ fún un pé bí a bá jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n lè gba ìgò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì lè padà síbi tó wà. Mo ní àgbà ti dé sí wa, mélòó ló kù tí a fẹ́ lò. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní ọmọ òun ń fi ojú rẹ̀ méjèèjì wo nǹkan tín-tìn-tín láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń wá òótọ́, àwa wá jókòó sílé, à ń bu iyanrìn sí i lójú. Ó ní bí ọwọ́ òun bá máa dúró, kó dúró ní gbangba. Mo bá a jiyàn fún ọjọ́ méjì, o mọ ẹni tó máa ń borí. Ìyá Oníbúrẹ́dì sunkún nígbà tó gbọ́, ó ní oore ni òun rò pé òun ń ṣe. Mo sọ fún un pé oore ni, kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣe oore.

Ẹ̀rù tó wá ń bà mí ni tìrẹ. Mo mọ̀ pé lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, jẹ́ kó bínú sí mi. Sọ fún wọn pé bàbá arúgbó kan tó ń tún aago ṣe ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìka yá yẹn, ìka tirẹ̀ ni, kí wọ́n fa igi lé èsì náà lórí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀, o mọ̀ mí, àmọ́ bí àyè bá wà, bá mi bi wọ́n bóyá tí ìwádìí bá parí, tí oògùn náà bá dára, wọ́n lè rántí àwọn obìnrin méjèèjì. Bí àyè ò bá sí, a gbà.

Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ tọrọ, ti èèyàn mẹ́ta, torí a fẹ́ wá sọ ọ́ fún dókítà lójúkojú. Kò yẹ kéèyàn da ẹrù ẹlẹ́rù rú kó wá máa fi fóònù sọ ọ́. Bí díẹ̀ bá lé lórí rẹ̀, kí n fi ra awò ojú tuntun, èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti sán. Fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi bí o ṣe máa ń ṣe. Èyí tí o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, báńkì kọ̀wé sí mi pé ó ti wọlé, mo dá wọn lóhùn pé a rí i gbà, a dúpẹ́, kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé wọn. Wọn ò fèsì. Ó jọ pé iṣẹ́ wọn pọ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ohun tí o ń wá lábẹ́ awò, ojú rẹ á rí i, wàá sì pẹ́ láyé lẹ́yìn tí o bá ti rí i. Àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n níbi tí ẹsẹ̀ wa ò dé rí, ọwọ́ rẹ ni ìwòsàn wọn á gbà wá. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá ọ jà, á gbàgbé ìdí ìjà sójú ọ̀nà. Wàá jẹun ọmọ, bí ìwọ náà ṣe ń jẹ́ ká jẹun ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ lẹ àpòòwé báyìí ni ìyá rẹ ní kí n gbé ìwé náà fún òun. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí kò ti kọ nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, èmi ni mo bá a di ọwọ́ mú tó fi kọ ọ́. Ó ní kí n jáde kúrò nínú yàrá. Mo jáde. Ohun tó kọ ló wà nísàlẹ̀ yìí, mi ò fi kún un.

Ọmọ mi, èmi nìyí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, kò sẹ́ni tó dì í mú. Mo kọ ọ́ kí wọ́n tó gba oògùn náà, kí o lè ní in lọ́wọ́. Sọ òótọ́ fún wọn.